Iṣẹ́jú 200 fún Ọmọkùnrin Méjìlá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan kí a tó wọnú ọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ènìyàn márùn-ún péré ní í dúró lójú pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, iṣẹ́jú 40 ni wọ́n fi ń gbá a, 20 lápá kìíní, 20 lápá kejì. Ènìyàn márùn-ún lọ́nà iṣẹ́jú 40, iṣẹ́jú 200 ni. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ta ọ̀mì kí wọ́n sì fi kún àkókò, 200 yìí kò lè di 201 láéláé. Ẹni tó bá gbá gbogbo 40, ó ti kó ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bí kóòṣì bá wá ní ọmọ méjìlá tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n gbá, ìjà ti dé nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ìṣirò yìí ni mo kọ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìpẹ́ yìí, nítorí ìṣirò ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sú wọn. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì gbà á. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, àwọn tí kò kàn ńkọ́?" Mo ní kí ó jókòó, pé a ó dé ibẹ̀. Aago lù, a kò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dé lónìí, ìtàn kan tó sì ṣẹlẹ̀ lókè òkun ni n ó fi gbé wa débẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Kentucky, nínú ìlú tí à ń pè ní Lexington, ni yunifásítì kan wà tí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti di bí ẹ̀sìn fún àwọn ará ibẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a ń gba ènìyàn tó ju 20,000 lọ, ó sì máa ń kún. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ọdún 2012 ni ìkẹyìn. John Calipari ni kóòṣì wọn láti ọdún 2009 títí di ọdún 2024. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí òkìkí wọn ti kàn láti ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni ó máa ń kó wá. Wọ́n á lo ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí NBA, níbi tí àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun wà. Nítorí náà àyè kì í fi bẹ́ẹ̀ há. Bí àwọn kan ti ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé.

Ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà wọ́n dé àṣekágbá, Connecticut sì fi 60 sí 54 nà wọ́n. Àwọn ènìyàn rò pé àwọn ọmọ náà yóò túká bí ìṣe wọn. Julius Randle àti James Young lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì Harrison, Andrew àti Aaron, ní àwọn kò lọ. Willie Cauley-Stein, ọmọ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ní òun náà ń bẹ. Alex Poythress dúró, Dakari Johnson dúró, Marcus Lee dúró. Bẹ́ẹ̀ Calipari ti fi ọwọ́ sí ìwé àwọn tuntun mẹ́rin: Karl-Anthony Towns, Trey Lyles, Devin Booker àti Tyler Ulis. Ẹ wá fi Dominique Hawkins àti Derek Willis kún un, ọmọ Kentucky gan-an ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti lo ọdún kan níbẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ rí bọ́ọ̀lù gbá. Àpapọ̀ rẹ̀ di méjìlá.

Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ti wọ inú àwọn tí wọ́n ń pè ní McDonald's All American, èyí tí wọ́n fi máa ń yan àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó dára jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dọọdún. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò jókòó rí láti kékeré, tí bàbá rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, irú wọn mẹ́sàn-án nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Mẹ́sàn-án ńkọ́?

Nígbà náà, òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọn, gbà kí ẹgbẹ́ kan rin ìrìn-àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìgbádùn lásán ni, pé wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ lẹ́bàá òkun ni. Ìgbádùn wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin náà tún fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fi gbára dì kí wọ́n tó wọkọ̀, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí ìgbáradì gidi fún ọdún náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó kù. Fún kóòṣì tí ó ní ọmọ tuntun mẹ́rin àti àgbà mẹ́jọ tí ojú ń pọ́n, wúrà ni ọjọ́ mẹ́wàá náà. Àǹfààní kejì ni pé eré tí wọ́n bá gbá lọ́hùn-ún kò sí nínú ìwé. Bí wọ́n bá pàdánù, kò sí ohun tó bọ́. Kóòṣì lè dán ohun tó bá wù ú wò, kí ó sì jókòó kí ó máa wo ojú àwọn ọmọ náà. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò, báwo ló ṣe rìn padà sí bẹ́ǹṣì? Ṣé ó gba ọwọ́ ẹni tó ń wọlé, tàbí ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i? Èmi tí mo ń tọ́jú àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nílé-ìwé wa, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ọmọ mọ bọ́ọ̀lù gbá, ojú ọ̀nà ilé lásán lèèyàn ti lè rí i. Bí yóò ti ṣe nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, ó di ìgbà tí ẹ bá jọ rìnrìn-àjò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n kọrí sí Nassau, olú-ìlú Bahamas, àwọn erékùṣù kan tí kò jìnnà sí Florida.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Bahamas tí mò ń wí yìí, ẹ̀jẹ̀ wa ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówò lójú òkun, wọ́n a sì máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Títí di òní olónìí, àwọn ará Bahamas ń dá èsúsú. Asue ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn kan á kó ara wọn jọ, oníkálùkù á máa dá iye kan náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù lóṣù, ẹnìkan á kó o lónìí, ẹlòmíràn á kó o lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí kì í kàn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ohun tí Calipari gbé kalẹ̀ ní ìlú àwọn alásue yìí fi ara jọ èsúsú.

Ó pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́ méjì, márùn-ún márùn-ún. Ọ̀wọ́ kan á wọlé, á gbá a fún bí iṣẹ́jú mẹ́rin, á sì jáde lódindi. Ọ̀wọ́ kejì á wọlé lódindi. Ẹ má gbàgbé pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò rí bíi ti ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ lè padà wọlé ní ìgbàkígbà, bó ti wù kó pọ̀ tó. Iṣẹ́jú 200 fún ẹni mẹ́wàá, 20 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ó dọ́gba, kò sí ẹ̀jọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ méjìlá ni mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ti rí i pé mẹ́wàá ni mo pín in sí. Ìpalára ló yanjú rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Cauley-Stein kò tíì jinná, Lyles náà sì farapa lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní Bahamas. Báyìí ni Hawkins àti Willis, àwọn ọmọ onílé, ṣe rí àyè wọlé, wọ́n pé mẹ́wàá, èsúsú sì kárí.

Eré mẹ́fà ni wọ́n gbá níbẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Puerto Rico gbá, wọ́n bá ẹgbẹ́ ilẹ̀ Dominican gbá, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Faransé, Champagne Châlons-Reims, gbá. Àwọn àgbàlagbà tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ló pọ̀ lára àwọn wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń fi igbá-àyà ti ọmọdé láìjẹ́ kí fèrè dún. Kentucky yege nínú márùn-ún, wọ́n pàdánù ẹyọ kan sọ́wọ́ àwọn Dominican. Fún Towns, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti nà án, nítorí ọmọ Dominican ni ìyá tó bí i. Ní ọdún 2012, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó ti wọ aṣọ ilẹ̀ náà rí, Calipari kan náà yìí ló sì jẹ́ kóòṣì wọn nígbà náà.

Nínú gbogbo ìdíje tó wà láàárín àwọn ọmọ náà fúnra wọn, èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù. Andrew Harrison ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, òun ló sì darí ẹgbẹ́ dé àṣekágbá. Tyler Ulis tó jẹ́ ọmọ tuntun kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bí wọ́n bá dúró ti ara wọn, ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n ló mú àbúrò wá wòran. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ulis bá mú bọ́ọ̀lù, ara àwọn tó kù a máa balẹ̀. Pípín sí ọ̀wọ́ méjì yìí ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa darí, oníkálùkù ní agboolé tirẹ̀, láìsí pé ẹnìkan ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹnìkejì.

Wọ́n padà sílé. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa dé tí ìdíje gidi sì bẹ̀rẹ̀, Cauley-Stein ti gbádùn, Lyles ti gbádùn. Ọ̀wọ́ kìíní di àwọn ìbejì Harrison, Poythress, Towns àti Cauley-Stein. Ọ̀wọ́ kejì di Ulis, Booker, Lyles, Lee àti Johnson. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Hawkins kò sí níbẹ̀. Willis kò sí níbẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti gbá mi láyà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìlú mìíràn fún ìdíje àwọn ilé-ìwé. Méjì nínú àwọn mọ́kànlá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ibà ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé. Ọmọkùnrin kan wà lára àwọn tó ń jókòó, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá láàárọ̀, òun ló máa ń da eérú sílẹ̀ láti fi fa ìlà, òun ló sì máa ń kó bọ́ọ̀lù wọlé. Mo fi sí ipò ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà. Ó gbá a débi pé tíṣà ilé-ìwé kejì wá bi mí ní orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ara àwọn aláìsàn le. Mo dá wọn padà sí ipò wọn, ọmọ náà sì padà sórí bẹ́ǹṣì. Kò sọ nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi wọ ìlú.

Ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà ní òdìkejì ọgbà wa. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé àwo wọlé wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ yín ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Kò ṣẹ̀ mí."

"Àbí kò mọ̀ ọ́n gbá?"

"Ó mọ̀ ọ́n gbá, mà."

"Kí ló wá dé?"

Mo ní àwọn tó ni ipò náà ni ara wọn ti yá. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé kí n wá máa gbàdúrà kí ọmọ ọlọ́mọ ṣàìsàn ni, Tíṣà?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó gbé àwo rẹ̀ karí, ó lọ. Mo ti kàwé gboyè olùkọ́ni, mo ti kọ́ bí a ti ń ṣàkóso ọmọ ní kíláàsì, kò sí ojú ewé tí wọ́n ti kọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kentucky. Ọ̀nà ọ̀wọ́ méjì yìí bẹ̀rẹ̀ bí idán. Ní oṣù kọkànlá wọ́n fi 72 sí 40 na Kansas, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Ní ogúnjọ́ oṣù kejìlá, wọ́n pàdé UCLA. Nígbà tí ìdajì eré fi máa parí, 41 sí 7 ni, ó sì parí sí 83 sí 44. Bí àwọn márùn-ún kan bá ti na ọ̀tá títí ọ̀tá fi ń mí hẹlẹ, àwọn márùn-ún mìíràn tí ara wọn tutù á tún wọlé. Ta ni yóò dúró?

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pàdé UCLA ni ilé èsúsú náà ti sán. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá, orúnkún Poythress já níbi ìgbáradì, ọdún náà sì parí fún un. Ó ku mẹ́sàn-án. Ẹ ó rò pé àyè ti ṣí fún Hawkins tàbí Willis, bó ti ṣí ní Nassau. Kò ṣí. Àwọn mẹ́sàn-án ni Calipari pín iṣẹ́jú náà fún. Ní Nassau, ó nílò ènìyàn mẹ́wàá kí ìdánwò rẹ̀ lè pé. Nínú ìdíje gidi, ó nílò kí ó yege. Àwọn ohun méjì yìí jọra lójú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2015, tí eré bẹ̀rẹ̀ sí í le, àní tí wọ́n ní láti fi kún àkókò kí wọ́n tó borí Ole Miss, kí wọ́n sì fi kún un lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó borí Texas A&M, pípààrọ̀ ènìyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rọra ń parẹ́. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tó bá wù ú. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í pín omi ìkòkò ní ọgbọọgba. Síbẹ̀, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní Bahamas kò ṣàì fi àmì sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún náà, kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà tí ìpín rẹ̀ pé iṣẹ́jú 26 nínú 40. Towns, ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nǹkan bí iṣẹ́jú 21 ló ń rí.

Wọ́n gbá eré 38, wọ́n yege nínú gbogbo 38. Ó ku méjì kí wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ọdún 1976. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Indianapolis, Wisconsin dúró dè wọ́n. Bọ́ọ̀lù ń súnmọ́ òpin, Kentucky wà níwájú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù ṣòfò. Òfin nígbà náà fún ẹgbẹ́ tó mú bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú-àáyá 35 láti fi jù ú sí apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí apẹ̀rẹ̀ kò nira fún láti ìgbà èwe ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn káàkiri, aago ń jẹ wọ́n lọ léraléra. 71 sí 64 ni Wisconsin fi lé wọn sílé.

Àwọn kan sọ pé pípín iṣẹ́jú náà ló fà á, pé ọmọ tí kò bá mọ̀ pé òun ni gbogbo ayé ń wò nígbà ìpọ́njú, kò ní mọ ẹni tí yóò jù ú nígbà tó bá kù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Ẹgbẹ́ tó gbá 38 láìpàdánù kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ di òpè ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ NBA mú mẹ́fà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Towns tí ń gbá iṣẹ́jú 21 ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ ọdún náà. Cauley-Stein ni ẹni kẹfà, Lyles ni ẹni kejìlá, Booker ni ẹni kẹtàlá. Bẹ́ẹ̀ Booker kò bẹ̀rẹ̀ eré kan ṣoṣo ní Kentucky. Ọ̀wọ́ kejì ló ti ń wọlé láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ọmọ yìí kan náà nìkan ju àmì 70 sínú apẹ̀rẹ̀ Boston ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì ti gba wúrà Olympics lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Ulis padà wá fún ọdún kejì, àyè ti wá gbà á, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo líìgì wọn ní ọdún 2016.

Àwa náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílé. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, tó ka ìwé ní Muslim Teachers' College, kọjá sí yunifásítì Houston ní ọdún 1980. Ọdún àkọ́kọ́, kò gbá ohunkóhun. Ọdún tó tẹ̀lé e, nǹkan bí iṣẹ́jú 18 ni ìpín rẹ̀. Ní ọdún 1984, òun ni NBA kọ́kọ́ mú. Èmi náà ka ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, apẹ̀rẹ̀ tiwa kò ju irin róbótó kan láìní àwọ̀n lọ, ìṣẹ́jú tí mo sì fi gbá a kò ju èyí tí mo lè fi ọwọ́ kan kà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó ló ń dìde di Booker, ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fún ọmọdé sì ti máa ń dákẹ́ nìyẹn. Aaron Harrison fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 2015, NBA kò pe orúkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Marcus Lee fara da á fún ọdún mẹ́ta, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì California ní ọdún 2016. Nígbà náà, ẹni tó bá kó lọ bẹ́ẹ̀ ní láti jókòó fún ọdún kan gbáko kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbi tuntun. Láti ọdún 2021, wọ́n ti sọ òfin náà di yẹpẹrẹ. Ọmọ tí kò bá rí iṣẹ́jú tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lónìí, ó lè wà ní ilé-ìwé mìíràn kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, owó sì tún ti wọ̀ ọ́. Ó dùn mọ́ mi fún àwọn ọmọ náà, nítorí kóòṣì tí ń lọ síbi tó wù ú kò jókòó fún ọdún kankan rí. Ṣùgbọ́n n kò rò pé kóòṣì kan tún lè kó mẹ́sàn-án irú wọn sójú kan kí ó ní kí wọ́n máa dá èsúsú iṣẹ́jú.

Hawkins àti Willis kò lọ. Wọ́n rí ìpín wọn ní Nassau fún eré mẹ́fà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúró. Wọ́n jókòó ní ọdún 2015, wọ́n ń rí díẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 2016. Nígbà tó di ọdún 2017, tí wọ́n ti di àgbà ọdún kẹrin, Willis wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, Hawkins sì ni ẹni tí wọ́n máa ń rán sí agbábọ́ọ̀lù ọ̀tá tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún náà, North Carolina fi 75 sí 73 yọ wọ́n, nígbà tí ìdíje ku ìṣẹ́gun kan kí wọ́n wọ inú mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù tó pa wọ́n kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ sí òpin. Èsúsú wọn kárí lọ́dún kẹrin, ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní èrè. Ọmọ tí a bá sì bi léèrè lè sọ pé ọdún mẹ́ta ti lọ.

Mo dáhùn ọmọbìnrin kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo ní àwọn tí kò kàn máa ń dúró, tàbí kí wọ́n lọ, àti pé nígbà mìíràn àyè a máa ṣí nítorí ohun tí kò dára tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ìṣirò ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, n ó lẹ orúkọ àwọn tí yóò bá wa lọ ìdíje ti ọdún yìí mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ọmọ 24 ló ń wá sí pápá láàárọ̀, 16 ni ọkọ̀ wa lè gbà. Àbúrò ọmọ ọjọ́sí wà nínú wọn, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a. Ìyá wọn ṣì ń ta àkàrà ní òdìkejì ọgbà. Mo ra ti náírà 500 lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fi ẹyọ méjì ṣe ènì fún mi, kò sì bi mí ní nǹkan kan.